Ẹni Tó Di Orí Wáyà Mú

Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Mushin, láti Ìdí-Òrò títí dé ẹ̀yìn ọjà Ládìpọ̀, jẹnẹrétọ̀ kan ló sábà máa ń lágbára ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn ayálégbé yòókù lè ní kékeré tiwọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ tí agbára rẹ̀ kò kọjá gílóòbù mélòó kan àti fáànù. Ti bàbá iwájú ilé ní tirẹ̀ lè gbé fíríìsà. Bí NEPA bá mú iná lọ, bàbá a tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, a fa wáyà kan sí yàrá ìyá tó ń ta omi tútù, a fa òmíràn sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ní aṣọ ẹbí láti parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á jọ dá owó epo. Inú gbogbo ilé á dùn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wáyà yẹn ti wọ yàrá ni ohùn ilé ti yí padà. Bí ìpàdé bá dé lórí owó tí wọn yóò fi gbọ́n sọ́kààwéè, ohun tí bàbá bá wí labẹ gé. Bí èdè-àìyedè bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ọmọ ìyá olómi, kò ní pariwo, kò sì ní gbé ọwọ́ sókè. Yóò kàn rìn lọ sí kọ̀rọ̀ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, yóò já wáyà. Ní òru ọjọ́ náà, yìnyín inú fíríìsà yóò di omi. Ọmọ tó fa ìjà ti gba Ojúẹlẹ́gbà lọ ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi aṣọ nu ilẹ̀, aránṣọ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà sì ń ṣọ́ra kí ó má lọ kan òun náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò. Tí a bá gbọ́ lórí rédíò pé Rọ́ṣíà fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà fún orílẹ̀-èdè kan, pé Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ti Íráànì, pé Faransé àti Nìjẹ̀r ń fa yuréníọ̀mù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tó jìnnà sí Surulere. Kò jìnnà rárá. Ìbéèrè kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ta ló di orí wáyà mú, ta ló sì lè já a? Mo ń kọ èyí nítorí pé Nàìjíríà ti di orí wáyà mú rí, ó sì ti já a, nígbà tó tọ́ àti nígbà tí kò tọ́. Ní báyìí, ìjọba ń múra láti so wá mọ́ wáyà ẹlòmíràn fún bí ọgọ́ta ọdún, a kò sì pariwo tó lórí rẹ̀.

Èyí tó tọ́ ni ti 1979. Ogun ń lọ ní Rhodesia, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ti jókòó lé àwọn aláwọ̀ dúdú lórí. Ìjọba Margaret Thatcher ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní London, kò sì le mọ́ àwọn aláwọ̀ funfun yẹn tó bó ṣe yẹ. Ìjọba náà tún ti gbà kí BP, ilé-iṣẹ́ epo Gẹ̀ẹ́sì, máa rọ́nà fi epo ránṣẹ́ sí Gúúsù Áfíríkà, tó jẹ́ alátìlẹyìn ńlá fún Rhodesia. Bí oṣù Agẹmọ ọdún yẹn ṣe ń parí lọ, ọjọ́ díẹ̀ kí ìpàdé Commonwealth tó bẹ̀rẹ̀ ní Lusaka, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba gbogbo ìpín tí BP ní nínú epo rọ̀bì Nàìjíríà. Àwọn ilé epo BP káàkiri Èkó di AP. Àsìkò náà dára fún wa: ìyípadà ìjọba tó ṣẹlẹ̀ ní Íráànì lọ́dún náà ti jẹ́ kí epo wọ́n lágbàáyé, kò sì sí ẹni tó lè fojú di ẹni tó ní epo lọ́wọ́. Ní Lusaka, London gbà láti pe gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn jókòó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18 oṣù Igbe 1980, Rhodesia ti di Zimbabwe, ó sì ti gba òmìnira. Mi ò ní sọ pé BP nìkan ló ṣe é. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú igbó ló ṣe é jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa jà gan-an ni wáyà tí a já nígbà yẹn dùn.

Èyí tí kò tọ́ ni ti 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey ló dìtẹ̀ mọ́ ọn, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani sì gorí àga. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS nínú oṣù yẹn kan náà, kò gbà. ECOWAS ti ẹnubodè, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó Nìjẹ̀r, wọ́n ní àwọn lè kó ṣọ́jà wọlé. Kò sí ṣọ́jà kankan tó wọlé. Wáyà ló kọ́kọ́ ba Nìjẹ̀r lára. Láti Birnin Kebbi ni iná Nàìjíríà ti ń gba orí òpó lọ sí Niamey láti ọ̀pọ̀ ọdún; nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Nìjẹ̀r ń lò, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Bí oṣù Ògún ṣe wọlé, a já a.

Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní. Àwọn ọ̀gágun tó gbàjọba kò jókòó sínú òkùnkùn; ààfin kì í ṣàìní jẹnẹrétọ̀. Ìyá tó ń ta omi tútù ní Niamey ni kò ní. Àwọn àgbà wa sọ pé a kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. Ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn, tí ọwọ́ wa kò sì tẹ oníjà. Ní oṣù Èrèlé 2024, ECOWAS gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìjìyà náà kúrò. Tchiani ṣì wà lórí àga. Nígbà tí 2025 bẹ̀rẹ̀, Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ẹ sì rántí ẹni tó ń já iná ọ̀hún: orílẹ̀-èdè tí gbogbo iná orí òpó rẹ̀ kò tíì pé ẹgbẹ̀rún mẹ́gáwáàtì mẹ́fà rí, fún ènìyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù. Ẹni tó ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Nìjẹ̀r yìí kan náà ló kó wa wọ inú ọ̀rọ̀ núkílíà. Ní àríwá rẹ̀, lábẹ́ iyanrìn Arlit, òkúta yuréníọ̀mù wà. Láti 1971 ni ilé-iṣẹ́ Somaïr, tí àwọn Faransé ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ títí di 2025, ti ń wà á. Faransé ń rí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iná rẹ̀ láti inú núkílíà, òkúta Arlit sì ti wà lára ohun tó ń tan gílóòbù Paris láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú márùn-ún ló ní iná mànàmáná nílé. Báwo ni ẹni tó ń pèsè ohun tí wọ́n fi ń tan Paris ṣe wá di ẹni tó ń dúró de iná Birnin Kebbi?

Ọ̀nà tí òkúta yẹn ń gbà di iná ló fa á. Ní Ẹ̀gbìn, lẹ́bàá Ìkòròdú, gáàsì ni wọ́n fi ń dáná sábẹ́ omi kí ó hó. Èéfín omi tó gbóná yẹn ló ń yí ẹ̀rọ ńlá tó ń mú iná wá. Ilé-iṣẹ́ núkílíà ń ṣe ohun kan náà, àfi pé dípò gáàsì, yuréníọ̀mù ló ń mú omi gbóná: kóró inú rẹ̀ tí ojú kò lè rí ń là sí méjì, ooru sì ń jáde. Ọ̀pá epo yuréníọ̀mù tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè lo ọdún mélòó kan. Ìdí tí gbogbo ayé fi ń lé e nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí òkúta tó di ọ̀pá epo, wọ́n ní láti lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, kí wọ́n fún un lágbára sí i, kí wọ́n tó wá ṣe é ní ọ̀pá. Ẹni tó bá di ọ̀kan nínú àwọn ipele wọ̀nyí mú, ó di orí wáyà kan mú. Gbígbẹ́ àti lílọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ Nìjẹ̀r. Ní oṣù Òkúdù 2025, ìjọba Tchiani gba Somaïr lọ́wọ́ àwọn Faransé. Mo lóye ìbínú wọn dáadáa. Síbẹ̀, òkúta tí wọ́n gbà kò lè tan gílóòbù kan ní Niamey àyàfi bí ẹlòmíràn bá bá wọn sọ ọ́ di epo.

Ipele tí wọ́n ti ń fún un lágbára ni gbogbo ìjà ayé dá lé. Nínú yuréníọ̀mù tí a bá wà láti inú ilẹ̀, irú èyí tó ń là dáadáa, tí wọ́n ń pè ní U-235, kò ju ìdá 0.7 nínú 100 lọ. Fún ilé-iṣẹ́ iná, wọ́n á gbé e dé bíi 3 sí 5. Fún àdó olóró, bíi 90. Ẹ̀rọ kan náà, centrifuge, tó ń yí afẹ́fẹ́ yuréníọ̀mù bírí lọ́nà tí ojú kò lè tẹ̀ lé, ló ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá sì ti dé 5 ti rin apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó lọ sí 90.

Ẹ wá wo Íráànì. Láyé Shah, ọba wọn, ní àárín àwọn ọdún 1970, Íráànì yá Faransé ní bílíọ̀nù dọ́là kan, wọ́n sì fún un ní ìpín ìdá mẹ́wàá nínú 100 ní Eurodif, ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò ti máa fún yuréníọ̀mù lágbára. Àwọn ará Jámánì náà bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ iná kan fún un ní Bushehr. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 1979, Jámánì kó irin iṣẹ́ wọn lọ, ọ̀rọ̀ owó Eurodif di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ, yuréníọ̀mù tí Íráànì ń retí kò sì dé. Rọ́ṣíà ló wá parí Bushehr, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìlú níná ní 2011. Rọ́ṣíà ló ń kó epo rẹ̀ wá, Rọ́ṣíà ló sì ń kó èyí tí wọ́n bá lò tán lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti já wáyà yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ ni àwọn olórí Íráànì ti ń sọ pé àwọn yóò máa ṣe epo tàwọn fúnra àwọn. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn kò ṣòro fún ará Mushin láti mọ̀.

Ohun tí mi ò lè gbè lẹ́yìn ni ibi tí wọ́n bá a dé. Àdéhùn tí Íráànì bá Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn ṣe ní 2015 ní kí wọ́n má kọjá 3.67. Donald Trump yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú rẹ̀ ní 2018, Íráànì náà sì gun òkè títí dé 60 ní 2021. Kò sí ilé-iṣẹ́ iná kan ní Íráànì tó nílò 60. Ní oṣù Òkúdù 2025, Ísírẹ́lì kọ́kọ́ kọlù wọ́n, lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Fordow, Natanz àti Isfahan. Aráàlú tó kàn fẹ́ kí iná wà nílé ni ìjà náà bá.

Àwọn kan láàárín wa náà ti fẹ́ kí a ní àdó olóró rí, a kò sì gbọdọ̀ fojú di ohun tó mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé 1960 ni Faransé kọ́kọ́ dán tiwọn wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Àlgéríà, ilẹ̀ Áfíríkà tí wọn kò bi léèrè. Nígbà tí wọ́n dán ẹ̀kẹta wò ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, Nàìjíríà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó gba òmìnira. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba Tafawa Balewa fi ní kí aṣojú Faransé kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Èkó. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé kò yẹ kí àdó olóró jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà kan nìkan. Gúúsù Áfíríkà, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ti ń ṣe tirẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ lásìkò yẹn. Ọkàn mi gba ìbínú Akínyẹmí. Kò gba ìwòsàn tó mú wá. Mẹ́fà ni Gúúsù Áfíríkà ṣe tán, wọ́n sì fúnra wọn tú u palẹ̀ kí F. W. de Klerk tó jẹ́wọ́ rẹ̀ ní 1993, torí kò sí ohun tí wọ́n rí fi ṣe. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ṣe é láti 1968. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sá fún sáyẹ́ǹsì yìí o. Ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí NSIA, àjọ ìdókòwò ìjọba, kọ́ tí wọ́n ṣí ní 2019 ń fi ìtànṣán gbógun ti àrùn náà lára ènìyàn lójoojúmọ́. Iná mànàmáná ló sì ń ṣe ìtànṣán yẹn: bí iná bá já, ìtànṣán náà dúró.

Ẹ̀rọ núkílíà kan ṣoṣo tí a ní ń bẹ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria. Ṣáínà ló ṣe é fún wa, 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 30 lọ; kì í mú iná wá, wọ́n ń fi yẹ ohun tó wà nínú ilẹ̀, òkúta àti oúnjẹ wò ni. Ṣùgbọ́n epo tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó bíi 90, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ, tí kò sì lè tó àdó kan ṣe. Nítorí kílò kan yìí, Amẹ́ríkà, Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti IAEA, àjọ tó ń mójú tó núkílíà lágbàáyé láti Vienna, fi ọdún mélòó kan jókòó papọ̀. Àwọn tí kì í rẹ́ lórí ohunkóhun rẹ́ lórí èyí. Ní ìparí 2018, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e padà sí Ṣáínà, wọ́n sì fi epo tó rọlẹ̀ sí bíi 13 rọ́pò rẹ̀. Mo gbóríyìn fún àwọn onímọ̀ wa ní Zaria tó ṣe iṣẹ́ náà láìsí ewu. Mo sì fẹ́ ká rí i kedere pé ẹni tó gbé epo wá ló gbé e lọ.

Èyí ló mú mi dé Geregu. Láti 1976 ni òfin tó dá àjọ agbára átọ́míìkì Nàìjíríà sílẹ̀ ti wà, àmọ́ 2006 ni wọ́n tó jí i dìde. Ní 2009 ìjọba fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Ní 2017 wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn pẹ̀lú Rosatom, ilé-iṣẹ́ núkílíà ìjọba Rọ́ṣíà, lórí ilé-iṣẹ́ iná núkílíà. Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom ni wọ́n yàn fún un. Ẹ wò ó, Geregu kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta, tí àwọn ará Rọ́ṣíà yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ fún wa láyé Soviet, tí kò tíì yọ́ irin rí títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ńlá tí a kò parí máa ń jọ, kí ó wọ mọ́tò lọ sí Kogi.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Àwọn ará Abu Dhabi gbé tiwọn fún Kòríà Gúúsù ní 2009, wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní fún yuréníọ̀mù lágbára nílé, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n sì parí ẹ̀rọ mẹ́rin ní Barakah. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná orílẹ̀-èdè wọn ló ń ti ibẹ̀ wá báyìí. Owó wọn ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú òmìnira wọn. Íjíbítì kò ní irú owó yẹn: Rọ́ṣíà ló ń kọ́ El Dabaa fún un, Rọ́ṣíà ló sì yá a ní bílíọ̀nù 25 dọ́là láti fi kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́lé, tó yá ọ owó ilé, tí yóò tún máa ta epo ilé fún ọ: wáyà mélòó nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ òpó náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan nínú irú èyí tí Rosatom ń kọ́ ní El Dabaa jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,200, tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo iná tó wà lórí òpó wa. Àwọn onímọ̀ sọ pé kò yẹ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, torí bó bá já lójijì, gbogbo òpó á dojú dé pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2024, òpó wa dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà láìsí núkílíà rárá. Ilé-iṣẹ́ núkílíà sì nílò iná láti ìta fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá pa á, ó ṣì gbọ́dọ̀ máa rí omi tútù fún ọjọ́ pípẹ́. Ní Fukushima, ní Jàpáànù, ní 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ já iná, òkun bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta sì yọ́.

Àwọn aṣojú wa láti Surulere, Mushin àti Mainland ń jókòó ní Abuja. Kí wọ́n béèrè pé bí ìjà bá dé láàárín àwa àti ẹni tó kọ́ ọ, ta ló tún lè ta epo fún wa, ọdún mélòó sì ni èyí tó wà ní Geregu lè gbé wa? Èyí tí a bá lò tán, ta ni yóò kó o? Kí wọ́n sì béèrè iye tí iná náà yóò jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, tí iná wọn ń pẹ́ jù, sókè ní oṣù Igbe 2024, ìwọ̀n iná kan fò láti ₦68 sí ₦225. Ní Turkey, Rosatom fúnra rẹ̀ ló ń fi owó kọ́ Akkuyu, kí ó lè máa ta iná rẹ̀: ní 2010, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i pé wọn yóò ra apá kan iná náà ní sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 12.35 lórí ìwọ̀n kan, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọdún yẹn, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦150 lọ níbí, ìyẹn á sì jẹ́ bíi ₦18. Lónìí, iye kan náà ti lé ní ₦160, láìtíì gbé e dé Surulere. Ti Geregu, ṣé náírà ni wọn yóò fi kà á fún wa, àbí dọ́là?